Íǹṣì Méjì

Níwájú géètì Yunifásítì Ìbàdàn, ní ìhà Àgbówó, àwọn takisí Máíkírà a máa tò lọ bẹẹrẹ láàárọ̀, àwọn awakọ̀ á sì máa pe Bódìjà, Mọ́kọ́lá, Dùgbẹ̀ lóhùn rara. Èrò mẹ́rin lẹ́yìn, méjì níwájú. Bí wọ́n ṣe ń kó wa nìyẹn. Ní àárọ̀ Sátidé kan, èmi àti ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi jọ ń lọ sí Bódìjà. Mo ti jókòó sẹ́yìn, àyè kan ṣoṣo tó kù fún un sì ni èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà. Ìdí ló kọ́kọ́ gbé sórí àga. Ó fa ẹsẹ̀ òsì wọlé, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ti ọ̀tún tẹ̀ lé e, ó wá tẹ orí ba kí ó má baà kan òrùlé ọkọ̀. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ga dé ibi àyà rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sún orúnkún yín, mo fẹ́ ki jíà," ni awakọ̀ wí.

Ọmọ ọdún 18 ló ń pè ní àǹtí yẹn. Gíga rẹ̀ ló fi ka ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 3 ni ọmọ náà, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 190. Nílé tiwa, gíga kì í ṣe àjèjì. Bàbá mi ga, ẹ̀gbọ́n mi ga, èmi náà kò kúrú. Ìyá wa àgbà a máa pe ọmọ yìí ní Àgùntáṣọọ́lò, ẹni tó ga tó aṣọ í lò, ọmọ náà á sì kúnlẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ìta kì í ṣe ilé. Lójú títì, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò mọ̀ ọ́n rí á nahùn pè é ní òpó NEPA. Ìyá tó ń ta bọ̀ọ̀lì á wò ó láti òkè délẹ̀, á sì wí fún ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, lóhùn tí kò rẹlẹ̀ tó, pé ọkùnrin wo ni yóò fẹ́ èyí.

Nígbà tí a ń sún mọ́ Bódìjà, ó yí ọrùn padà sí mi débi tí àyè gbà á dé.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ láti dín gíga ènìyàn kù?"

Ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ló fi bi mí. N kò mọ ìdáhùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ti wá ìdí ọ̀rọ̀ náà láti ìgbà yẹn. Òótọ́ ni, wọ́n ń ṣe é, ohun tí mo sì rí nínú rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó yẹ kí ènìyàn jókòó tì kó wò dáadáa.

Ọjà pákó la lọ ní Bódìjà lọ́jọ́ náà, nítorí tábìlì kan tó ga jù fún àga ìdáná wa. Káfíńtà tí mo gbé e fún fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi ayùn gé íǹṣì méjì kúrò nísàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó dá a dúró, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tì í wò. Kò mì. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìwọ̀n tí a fi jẹ ẹ̀pà tán. Mo wo ọmọ náà, mo rí i pé òun náà ń wo ẹsẹ̀ tábìlì, mo sì mọ ohun tó ń rò. Ẹsẹ̀ ènìyàn kò ṣe é gé nísàlẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. Kò ṣe é gé lókè, oríkèé ìbàdí ń bẹ níbẹ̀. Àárín nìkan ló kù, àárín náà sì kún fún iṣan, fún òpójẹ̀, fún ohun tí ènìyàn fi ń rìn.

Oníṣẹ́ abẹ eegun kan tó ń gbé ní ìhà Ring Road ló là mí lóye. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n jẹ́ fún mi, a ti mọra tipẹ́. Wọ́n yọ kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá kúrò lára ògiri, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n sì ya egungun itan sí ẹ̀yìn rẹ̀.

"Àbúrò, wò ó," ni wọ́n wí, "ṣófo ni inú eegun yìí. Inú rẹ̀ la ó ti ṣe gbogbo iṣẹ́ wa."

Egungun itan ló gùn jù nínú gbogbo eegun ara. Ó rí bí ọparun tí kò ní ìdè láàárín, mùdùnmúdùn ló sì kún inú rẹ̀. Bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ fún bá ti sùn nínú tíátà, oníṣẹ́ abẹ á la ojú ọgbẹ́ kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, á sì wá ṣóńṣó eegun náà rí lókè. Ibẹ̀ ni yóò gbà wọ inú ihò mùdùnmúdùn. Á fi irin tó ń yí bíríbírí fẹ ihò náà díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi gbòòrò tó, tí ògiri rẹ̀ yóò sì jọ̀lọ̀. Gbogbo àkókò yìí, kò fi ojú ara rẹ̀ rí eegun náà rárá. Àwòrán X-ray tó ń yọ lójú ẹ̀rọ ló ń tẹ̀ lé.

Lẹ́yìn náà ni ayùn á wọlé. Ayùn yìí kò jọ èyí tí ẹnikẹ́ni nínú wa mọ̀. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn ni, abẹ pẹlẹbẹ kékeré kan sì sá pamọ́ sí orí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń tì í wọ inú eegun, abẹ náà kò yọ síta. Bó bá dé ibi tí wọ́n wọ̀n, oníṣẹ́ abẹ á máa yí ìdí ọ̀pá, abẹ á sì máa yọ ojú jáde bí ìgbín tó ń yọrí, yíyí kan, díẹ̀. Yíyí mìíràn, díẹ̀ sí i. Á máa jẹ eegun láti inú bọ̀ síta, yípo yípo, títí eegun yóò fi já. Awọ itan kò ní ojú ọgbẹ́ kankan níbẹ̀. Ẹran tó bo eegun kò fara gba abẹ. Eegun tó lágbára jù lára ènìyàn ti gé láti inú ara rẹ̀, a kò sì mọ̀ lóde.

Mo ní kí dókítà dúró ná. Mo fẹ́ fojú inú rí ọwọ́ tó ń yí irin náà, ọwọ́ tó ní láti mọ ìyàtọ̀ láàárín eegun tó ṣì kù díẹ̀ àti eegun tó ti tán, nítorí pé ẹran àti òpójẹ̀ ló wà lẹ́yìn eegun.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tẹ̀ síwájú. Bí gígé àkọ́kọ́ bá ti parí, oníṣẹ́ abẹ á dá abẹ padà sínú ọ̀pá, á fa ayùn sókè ní ìwọ̀n tó fẹ́ mú kúrò, á tún gé yípo níbẹ̀. Òrùka eegun kan á wá dá wà láàárín ojú gígé méjèèjì. Báwo ni wọ́n ṣe ń yọ òrùka náà láìla itan? Wọn kì í yọ ọ́. Wọ́n á ti irin bíi ṣísẹ́lì bọ ihò, irin tí ẹnu rẹ̀ kọ sẹ́yìn bí ìwọ̀ ẹja, wọ́n á fi pín òrùka náà sí méjì, wọ́n á sì ti àwọn èérún rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà náà ni wọ́n á ti ẹsẹ̀ láti ìsàlẹ̀, tí eegun ìsàlẹ̀ á gòkè wá pàdé ti òkè, ojú sí ojú. Irin gígùn kan á wá gba inú méjèèjì kọjá, wọ́n á fi bóòtù dè é lókè àti nísàlẹ̀ kí àtẹ́lẹsẹ̀ má baà yí síta. Èérún òrùka tí wọ́n tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kò sì ṣòfò. Ó yí ojú ìpàdé náà ká bí ẹni fi amọ̀ rẹ́ ẹsẹ̀ ògiri, eegun tuntun á sì hù níbẹ̀. Ohun tí wọ́n gé kúrò ló ń ran ohun tó kù lọ́wọ́ láti so pọ̀.

Gerhard Küntscher, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Jámánì, ti irú irin bẹ́ẹ̀ bọ inú egungun itan ènìyàn nílùú Kiel lọ́dún 1939, òun náà ló sì ronú kan ayùn tó ń gé láti inú. Ní Seattle, ní Amẹ́ríkà, Robert Winquist àti Sigvard Hansen fi ọ̀nà náà gé egungun itan kúrú, wọ́n sì tẹ àbọ̀ iṣẹ́ wọn jáde ní 1978. Ọ̀nà yẹn kan náà ni dókítà wa yà sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà.

"Íǹṣì mélòó ni wọ́n lè mú kúrò?" ni mo bi wọ́n.

"Méjì."

Mo rò pé wọ́n ṣì ń ka ohun kan lọ́wọ́. Mo dúró. Wọn kò fi kún un.

Sẹ̀ǹtímítà 5 ni ibi tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń dúró sí ní itan. Eegun kọ́ ló dá wọn dúró. Eegun á gba ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣan ni. Ẹ wo okùn tí a ń sá aṣọ sí. Bí wọ́n bá hú òpó kan, tí wọ́n sì sún un mọ́ èkejì, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan okùn, síbẹ̀ okùn ti dẹ̀, aṣọ ti ń wọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iṣan iwájú itan ṣe ń rí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí. Òun ló ń na orúnkún, òun ló ń jẹ́ kí á gun àtẹ̀gùn, kí á dìde lórí àga. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ fún á ní kí ẹsẹ̀ gbéra nílẹ̀, ẹsẹ̀ kò ní dáhùn. Bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀ tó ń ṣe eré ìdárayá, iṣan á máa fa ara rẹ̀ jọ, á máa le bọ̀, títí okùn yóò fi na padà. Ṣùgbọ́n bí òpó bá ti sún mọ́ra jù, okùn náà lè má nà mọ́ láéláé. Ní ojúgun, kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 3 péré ni, nítorí eegun méjì ló wà níbẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ gé, àyè ibẹ̀ sì há fún iṣan àti òpójẹ̀ tó ń lọ sí àtẹ́lẹsẹ̀.

Ewu mìíràn wà tí dókítà kò fi pamọ́ fún mi. Ọ̀rá inú mùdùnmúdùn lè bá ẹ̀jẹ̀ gòkè lọ sí ẹ̀dọ̀fóró nígbà tí wọ́n bá ń fẹ ihò eegun. Kòkòrò lè wọ ojú iṣẹ́. Eegun lè kọ̀ láti so. Oṣù mélòó kan sì ni ènìyàn yóò fi máa ti igi rìn. Apá kò ní kúrú, ẹ̀yìn kò ní kúrú. Bí ẹsẹ̀ nìkan bá dín, ọwọ́ á wá sún mọ́ orúnkún.

Wọ́n ká kàlẹ́ńdà náà, wọ́n sì sọ ohun tó yí ojú tí mo fi ń wo ọ̀rọ̀ náà padà. Láti ọdún tí wọ́n ti ń tún eegun ṣe, ẹnikẹ́ni kò tíì wá bá wọn pé òun ga jù. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ ni wọ́n ń rí. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú ní kékeré, tí ẹsẹ̀ kan sì lọ́ra láti dàgbà. Ẹni tí eegun rẹ̀ dá nínú ìjàǹbá ọ̀kadà, tí wọ́n tò ó nílé, tí ojú eegun gun ara wọn lé, tó sì so bẹ́ẹ̀. Ẹni tí àrùn jẹ eegun rẹ̀ nígbà èwe. Bí ẹsẹ̀ tó kúrú kò bá ṣe é fà gùn, ẹsẹ̀ tó gùn ni wọ́n á bá wí.

Láti ọjọ́ yẹn, ojú mi ti ṣí sí wọn. Bí ènìyàn bá dúró ní Challenge, nílùú Ìbàdàn níbí, nírọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo ayé ń já sílẹ̀ nínú ọkọ̀, yóò rí wọn láàárín èrò: èjìká tó ń wọlẹ̀ tó ń dìde bí ẹni ń gún iyán, bàtà kan tí ṣúmẹ́kà ti fi rọ́bà nípọn-nípọn kún gìgísẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ tó ń tẹ orúnkún ní gbogbo ìgbésẹ̀. Ìbàdí tó ń gba ìyẹn fún ogún ọdún, ó ti rí ìyà. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, íǹṣì méjì tí à ń fi ojú kéré yìí ló pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Òun ni ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń tiro àti ẹni tó ń rìn. Mo fẹ́ kí n rí ọ̀kan nínú wọn ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ bàtà méjì tó dọ́gba, tó sì rìn gba Challenge kọjá láìsí ẹni tó bojú wo ẹ̀yìn.

Ọ̀nà kan tún wà tí ó rọrùn ju gígé lọ, ṣùgbọ́n àkókò rẹ̀ kì í pẹ́ kọjá. Eegun ọmọdé kì í gùn láàárín. Lẹ́bàá oríkèé ló ti ń gùn, níbi tí eegun ẹlẹgẹ́ kan tó dà bí kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ wà. Nítòsí orúnkún ni ó ti ń ṣiṣẹ́ jù: ìsàlẹ̀ egungun itan ń fi bíi sẹ̀ǹtímítà 1 kún gíga ọmọ lọ́dún, òkè ojúgun ń fi bíi ìdajì rẹ̀ ó lé díẹ̀ kún un. Ní 1933, Dallas Phemister ti Chicago fi hàn pé bí a bá dí ibẹ̀ pa, eegun kò ní gùn mọ́ láti ibẹ̀. Ní 1949, Walter Blount fi irin kékeré bíi èyí tí a fi ń so ìwé pọ̀ kan ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Lóde òní, ihò tíntín lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún ni wọ́n ń gbà. Ní Sweden àti Netherlands, wọ́n ti ṣe é fún àwọn ọmọ tí X-ray fi hàn pé wọn yóò ga kọjá ààlà. Ṣùgbọ́n ọmọ náà gbọ́dọ̀ ṣì máa dàgbà. Ní ọdún 18, ilẹ̀kùn ọmọ tiwa ti tì.

Kí ọ̀nà yìí tó gbilẹ̀, oògùn ni wọ́n ń lò fún àwọn ọmọbìnrin. Láti nǹkan bí 1950 sókè ni àwọn dókítà kan lókè òkun ti ń fún àwọn ọmọbìnrin tó ga ní èròjà tó ń mú obìnrin balágà, kí eegun wọn lè tètè parí ìdàgbà, nítorí pé òbí ń bẹ̀rù pé wọn kò ní rọ́kọ fẹ́. Nígbà tí àwọn olùwádìí ní Australia padà lọ wo àwọn obìnrin náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2004 pé ó ṣòro fún wọn láti lóyún ju fún àwọn obìnrin gíga tí kò lo oògùn náà. Ọ̀rọ̀ ìyá oníbọ̀ọ̀lì wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo kà á. Ó dùn mí gan-an.

Gíga tó ti di àìsàn, ẹsẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti ń wá a. Inú orí ni. Lẹ́yìn imú, lábẹ́ ọpọlọ, ẹṣẹ́ kan jókòó sínú ihò eegun kékeré, kò ju èso ẹ̀wà lọ, wọ́n ń pè é ní pituitary. Òun ló ń pín omi ìdàgbà fún ara. Bí kókó bá hù sínú rẹ̀ nígbà tí eegun ọmọ kò tíì parí, ọmọ náà kò ní dúró. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà, ọwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ àti àgbọ̀n ni yóò máa tóbi sí i. Pierre Marie ló fún àìsàn yẹn lórúkọ, acromegaly, ní Paris lọ́dún 1886. Robert Wadlow ti Amẹ́ríkà, ẹni tó ga jù nínú gbogbo àwọn tí a ní àkọsílẹ̀ wọn, dé sẹ̀ǹtímítà 272. Irin tí wọ́n fi gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ ró ló há a, ó di egbò, kòkòrò wọ ibẹ̀, ó sì kú ní oṣù Keje ọdún 1940, ní ọmọ ọdún 22.

Tiwa náà kò jìnnà. Afeez Àgórò, ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ọkùnrin tó ga jù ní Nàìjíríà, ga ní ẹsẹ̀ bàtà 7 àti íǹṣì 4. Àwọn ènìyàn ń bá a ya fọ́tò, ó ń ṣe eré, ó ń rẹ́rìn-ín. Acromegaly yìí náà ló ń bá a jà, ìbàdí rẹ̀ sì ti bàjẹ́ débi pé ó jáde sí gbangba, ó bẹ ará ìlú pé kí wọ́n ràn án lọ́wọ́ kí ó lè ṣe iṣẹ́ abẹ. Ó kú ní oṣù Kẹfà ọdún 2023. Nígbà tí mo bá rántí fọ́tò rẹ̀, n kì í wo gíga rẹ̀ mọ́. Ọ̀pá tó fi ń rìn ni mo ń wò.

Iṣẹ́ abẹ tí irú wọn nílò ní àkọ́kọ́ kì í dín nǹkan kan kù nínú gíga; ó ń pàṣẹ pé kí ó dúró. Ní Innsbruck, lọ́dún 1907, Hermann Schloffer gba ọ̀nà imú dé ìdí kókó pituitary. Ọ̀nà imú yẹn ṣì ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ń gbà títí di òní, tí wọ́n á gba inú ihò tí kò fẹ̀ ju ìka lọ, tí òpójẹ̀ tó ń bọ́ ọpọlọ wà lọ́tùn-ún àti lósì, tí iṣan tí ojú fi ń ríran wà lókè orí wọn. Sultan Kösen ti Turkey, tó dé sẹ̀ǹtímítà 251, gba ìtọ́jú ìtànṣán sí kókó tirẹ̀ ní Virginia ní 2010. Ní 2012 ni wọ́n tó lè sọ pé kò ga sí i mọ́.

Iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní ìtàn tirẹ̀ ní Ìbàdàn náà. Bí ènìyàn bá ti Bódìjà gba Sẹkitéríàtì, tó kọjá Total Garden, ilé ìwòsàn UCH ló máa kò. Òfin 1952 ló dá ilé ìwòsàn yẹn sílẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní 20 oṣù Kọkànlá 1957. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ Awẹ́ kan dé síbẹ̀ láti Amẹ́ríkà. Látúndé Ọdẹ́kù ni. Ó ti kàwé gboyè ìṣègùn ní Howard ní 1954, ó ti kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Michigan, kò sì sí ọmọ Nàìjíríà kan tó kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó lè dúró sí ibi tí owó wà, níbi tí irinṣẹ́ pé. Ní 1962 ló wá sí Ìbàdàn, tó dá ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀, tó ń la orí, tó ń kọ́ni, tó ń kọ ewì lóru. Ó kú ní London ní oṣù Kẹjọ ọdún 1974, ọmọ ọdún 47. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára ilé ìkàwé ìṣègùn tó wà níbẹ̀. Mo ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ láìmọye ìgbà kí n tó mọ ẹni tí orúkọ náà jẹ́. Nísinsìnyí, bí Máíkírà bá dúró nínú gósíló níbẹ̀, mo máa ń bojú wo apá ibẹ̀, mo sì máa ń ki í nínú ọkàn mi.

Dùgbẹ̀ ni mo ti sọ gbogbo èyí fún ọmọ náà. A ra ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, a jókòó sí ibi tí òjìji Cocoa House ti ń bọ̀ wá bá wa. Ilé alájà 26 ni, mítà 105, owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n parí rẹ̀ ní 1965. Iná jó o ní 1985. Wọ́n tún un ṣe ní gíga tó wà, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dín àjà kankan kù. Ìlú yìí fẹ́ràn ohun tó yọrí. Àwọn àgbà tó wo Rashidi Yekini nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars kò tíì gbàgbé bí orí rẹ̀ ṣe ń yọ lókè orí àwọn ẹlẹ́yìn, ọdún mẹ́wàá kí ó tó gbá góòlù Nàìjíríà àkọ́kọ́ wọlé ní ìdíje àgbáyé, ní 21 oṣù Kẹfà 1994.

Ọmọ náà gbọ́ mi dópin. Kò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu, àfi nígbà tí mo sọ ti ayùn tó ń yọ ojú bí ìgbín, tó di itan rẹ̀ mú.

"Bọ̀ọ̀dá, íǹṣì méjì péré?"

"Méjì péré."

Ó ń ka nǹkan lórí ìka rẹ̀. "Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti íǹṣì kan nìyẹn." Ó gbójú sókè, ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi tó mú kí obìnrin tó ń ta omi yíjú sí wa. "Òpó NEPA ni wọ́n á ṣì máa pè mí!"

Mo bi í bóyá ó ṣì wù ú láti ṣe é. Ó ní rárá. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí n sọ fún òun sí i nípa ẹni tó ń tiro, pé ṣé ó pẹ́ kí iṣan náà tó le. Ẹ̀ẹ̀mejì ló bi mí. Mo ní kó bá mi dé Ring Road lọ́jọ́ mìíràn, kó bi dókítà fúnra rẹ̀.

A gba Àgbówó padà. Ó ní ṣòkòtò kan lọ́dọ̀ télọ̀, èyí tó rà lọ́jà tí kò dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Télọ̀ náà, ìyá kan tó ń lo ẹ̀rọ Singer àtijọ́, yí ẹnu ẹsẹ̀ ṣòkòtò síta, ó fi ìka wọ̀n ọ́n.

"Ọmọ mi, wọ́n fi aṣọ sílẹ̀ nínú èyí. Íǹṣì méjì wà níbẹ̀."

Ó fi bíléèdì já òwú náà níkọ̀ọ̀kan, kò kánjú, ó sì tú aṣọ tí wọ́n ká sílẹ̀. Ó bu omi díẹ̀ wọ́n ọn, ó fi áyọ́ọ̀nù eléèédú tẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà wọ̀ ọ́ lẹ́yìn kọ́tínì, ó jáde, ó tẹ orí ba lábẹ́ férémù ilẹ̀kùn, ó sì dúró sínú oòrùn. Ó dé ọrùn ẹsẹ̀. Ilà ibi tí wọ́n ti ká a tẹ́lẹ̀ ṣì hàn yípo ẹsẹ̀ méjèèjì, ó dúdú díẹ̀ ju aṣọ tó kù lọ.